Ọkọ̀ Tí Bàbá Rẹ Fẹ́ Dá Parí

Pẹ́pẹ́yẹ mi, àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀, mo sì tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń rí oorun sùn nínú ariwo ẹ́ńjìnnì yín yẹn, ṣé oúnjẹ inú ọkọ̀ sì ń lọ lẹ́nu? Bí o bá fẹ́ béèrè àwa náà, a wà. Ojú wa ń ríran, ẹsẹ̀ wa ń gbé wa, òrùlé kò jò. Èyí tó kù ni mo fẹ́ fi ìwé yìí sọ, ó sì gùn. Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, kí o tó kà á dé ìdí, wá bébà kan, kí o kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí i pé, "Mo wà." Kí o fi ránṣẹ́ sí mi lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, o lè padà wá jókòó ka ìyókù. Mi ò béèrè ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ ọmọ tí mo lóyún rẹ̀, tí mo sì pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀.

Ìwé rẹ tó dé kẹ́yìn ṣì wà nínú àpótí òwú mi. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti di ẹrù tán, pé ọ̀gá yàrá ẹ́ńjìnnì fẹ́ràn rẹ nítorí pé ìwọ nìkan ni kì í bá a jiyàn. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, nítorí nínú ilé yìí, ìwọ ni olórí àwọn oníyàn. O ní ẹ máa la òkun kọjá, pé bí ẹ bá ti gúnlẹ̀ lódìkejì, o máa kọ òmíràn. Òmíràn yẹn ni mo ń retí. Mo ti ka èyí tó wà lọ́wọ́ mi títí ibi tí o ká a sí fi ya, mo sì ti fi òwú rán an bí ẹni rán ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó wà nínú yàrá iṣẹ́ bàbá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí ó yé èmi náà. Bàbá àgbà rẹ ṣiṣẹ́ káfíńtà nínú Ìyá Àgbà, ọkọ̀ onígbòkun tó gbẹ̀yìn ní èbúté yìí, ọkọ̀ olópòó mẹ́ta tó ń fi afẹ́fẹ́ nìkan rìn. Nígbà tí ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì gba ojú omi, wọ́n fa Ìyá Àgbà gòkè, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n ń fi igi rẹ̀ dáná. Bàbá àgbà bẹ àwọn tó ń tú u títí wọ́n fi rí pákó kan gbà láti ìhà rẹ̀, wọ́n sì rù ú wálé lórí. Pákó yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ Ìyá Àgbà kékeré, èyí tó gùn tó ibùsùn ọmọ ọwọ́. Wọ́n gbẹ́ egungun ìhà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn tí ìka kò lè wọ̀, tí ó sì ń ṣí, tó ń tì.

Ṣùgbọ́n wọn ò parí rẹ̀. Àwọn káfíńtà ọkọ̀ ní ìlànà kan láàárín ara wọn: ẹni tó bá ń gbẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dá a parí, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ láti ṣe. Bàbá àgbà a máa sọ pé, "Ilé tí iṣẹ́ bá ti tán, kí ni ọmọ tún fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?" Wọ́n fi òpó àti okùn sílẹ̀ fún bàbá rẹ. Bàbá rẹ gbẹ́ àwọn òpó, wọ́n ta àwọn okùn, èmi ni mo rán gbogbo ìgbòkun rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú gbogbo ìdílé wọn tán. Bàbá rẹ náà wá fi ìdákọ̀ró, àwọn ọkọ̀ kékeré tó máa ń rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá, àti ìtọ́kọ̀, pákó ìdí ọkọ̀ tó ń darí rẹ̀, sílẹ̀ fún ìwọ. Èyí tó kù nínú pákó Ìyá Àgbà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n fi pamọ́ fún ìtọ́kọ̀ yẹn, wọ́n sì ń fi òróró pa á lára lọ́dọọdún bí ẹni ń tọ́jú ìkókó.

Ìwọ ní tìrẹ ní o ò lè jókòó máa gbẹ́ ọkọ̀ tí kò rìn nígbà tí èyí tó ń rìn wà lójú omi. Láti kékeré, bí a bá wá ọ títí, inú omi náà la ó ti rí ọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ. Ọjọ́ tí o lọ, bàbá rẹ fi aṣọ funfun bo ọkọ̀ náà, wọn ò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Bí àlejò bá béèrè, wọ́n á ní, "Ẹni tó máa parí ẹ̀ ń bọ̀."

Ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo ti ibi tí mo ti lọ wọn aṣọ ìyàwó fún ọmọbìnrin kan dé, mo rí aṣọ funfun yẹn lórí okùn, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a. Bàbá rẹ, tí kì í fọ ife tí wọ́n fi mumi! Mo wọ yàrá iṣẹ́, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìdákọ̀ró. Mo ní, "Bàbá wọn, ṣé iṣẹ́ ọmọ lẹ ń bá a ṣe ni?" Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Mo kàn ń ṣe é ni." O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í fi ayùn kan igi láìsúfèé. Lọ́jọ́ yẹn, ayùn nìkan ló ń dún.

Wàyí o, wo ọgbọ́n tí ìyá rẹ gbọ́n. Mo ní, áà, ó ti yé mi! Ọmọ yìí ti kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó ń bọ̀ wálé, àwọn méjèèjì sì fẹ́ ṣe mí ní kàyéfì. Mo ní bàbá rẹ ń gbẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn sílẹ̀ ni, kí o lè wá fi ọwọ́ ara rẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, kí iṣẹ́ náà má bàa pẹ́ jù fún ọ. Inú mi dùn, mo sì pinnu pé èmi náà máa díbọ́n pé mi ò mọ nǹkan kan. Mo lọ ra ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun yàrá rẹ. Mo rán kọ́tìnnì tuntun. Mo gé ṣẹ́ẹ̀tì kan fún ọ, mo fi díẹ̀ kún èjìká rẹ̀, nítorí ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ gbé irin kò ní wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo sì ń kọrin. O mọ ohùn mi, ó ń dé ìparí títì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu àwọn ènìyàn bí mo bá ti dé. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti òdìkejì títì, o mọ ìjà èmi àti rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èéfín ààrò rẹ̀ ti ń ba aṣọ àwọn oníbàárà mi jẹ́, a sì ti sọ̀rọ̀ síra wa débi pé bí mo bá ń kọjá lọ, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣílẹ̀kùn, mo bá a tó ń gbá iwájú ilé mi. Iwájú ilé tèmi! Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná lé mi lọ́wọ́, kò gbowó. Ó ní òun ti pa ààrò tó kọjú sọ́dọ̀ mi, pé èéfín kò ní dé ibẹ̀ mọ́. Omi ń dà lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní èéfín ni. Èéfín ààrò tó ti pa! Mo gba búrẹ́dì náà, mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ mí lóminú díẹ̀, nítorí obìnrin yẹn kì í bẹ ènìyàn láyé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, rédíò wa dákẹ́. Bàbá rẹ ní ó ti bàjẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé. Ó tú ìdí rẹ̀, ó ní, "Ìyá, kò bàjẹ́ o, ńṣe ni wọ́n já wáyà kan níbí." Bí ó ṣe so wáyà náà báyìí, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ń ka ìròyìn, mo gbọ́ tí wọ́n dárúkọ òkun. Ọkùnrin náà wo ojú mi, ó sáré pa á. Ó ní kí n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, pé ó ku nǹkan kékeré kan tí òun máa wò. Gbogbo ìgbà tí mo bá padà lọ, nǹkan kékeré náà ṣì kù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, tíṣà wa, tún dé láìkọ̀wé, pẹ̀lú àpò ńlá, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ṣì wà ní kíláàsì. Ó ní ìsinmi ni. Ìsinmi wo? Bí mo bá gbé garawa, ó ti gbà á. Bí mo bá wọ balùwẹ̀, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pè mí pé, "Màámi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Mo ní níbo ni mo fẹ́ gbà lọ, ṣé ojú ihò omi ni? Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ló lé e. Ó dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Mo wá fọkàn sí i pé ó lóyún, mo sì tún ń dúpẹ́ nítorí ìyẹn náà. Wo bí ayọ̀ ṣe ń fọ́ ènìyàn lójú.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí nídìí oúnjẹ. Mo da iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí orin tí mo ń kọ. Bàbá rẹ jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ó dùn, wọ́n sì dúpẹ́. Ọkùnrin tó ti ń tìtorí iyọ̀ bá mi fa wàhálà láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra! Mo wo ojú wọn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti rù. Irùngbọ̀n wọn hù, eruku igi wà nínú rẹ̀, wọn ò sì gbọn ọ́n dànù. Mo bá wọn dé yàrá iṣẹ́, mo rí i pé wọ́n ti lẹ àwọn ọkọ̀ kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àgbà, wọ́n ti fi okùn so ìdákọ̀ró kọ́. Ọkàn mi sọ pé, ṣé wọn ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ọmọ náà ni? Mo lé èrò náà lọ bí ẹni lé eṣinṣin, mo padà sídìí ọ̀dà mi.

Ẹni tó tú ọ̀rọ̀ náà síta kò mọ̀ pé òun tú nǹkan kan. O rántí Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, tó máa ń fi ọ̀pá rìn, tó sì máa ń sọ pé ẹsẹ̀ kẹta nìkan ni kì í dun òun? Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílùú míì, kò gbọ́ ìròyìn àdúgbò wa. Ó wá kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo há abẹ́rẹ́ mọ́ ètè mi, mo ní kó máa wọlé lọ bá wọn. Kò pẹ́ tó wọlé tó fi jáde. Ó ti ṣí fìlà, ó gbá a mọ́ àyà. Ó dúró níwájú mi, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tù yín nínú. Èwo ló lọ nínú àwọn ọmọ?"

Pẹ́pẹ́yẹ, ó dà bíi pé wọ́n bu omi tútù dà sí mi lórí. Mo yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu níkọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ọmọ wa kú?" Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, òun kàn rí ọkọ̀ náà ni. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ apá kejì ìlànà wọn, èyí tí àwọn ọkùnrin ń sọ láàárín ara wọn, tí bàbá rẹ kò fi hàn mí rí ní gbogbo ọdún tí a ti wà pọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá kú nìkan ló ń dá ọkọ̀ parí. Bí káfíńtà bá rí i pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lẹ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀, kò tún ní í béèrè, á ṣí fìlà, á kí i. Bàbá náà kí wa bó ṣe yẹ kó kí wa. Ó wá ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé ẹnu òun ló yá. Mo fi í jókòó, mo sì wọlé.

Bàbá rẹ jókòó síwájú ọkọ̀ náà, oòrùn ń gba ojú fèrèsé bọ́ sí wọn lẹ́yìn. Kò sí ohun tó kù lára Ìyá Àgbà mọ́ àfi ìdí rẹ̀. Ó rẹwà, mi ò lè purọ́, ó rẹwà débi pé ó bà mí lẹ́rù. Ìgbòkun mi nà dáadáa lórí òpó, gbogbo okùn le, ó sì dúró bí ohun tó ń retí kí ẹnì kan tì í. Ìtọ́kọ̀ wà lọ́wọ́ bàbá rẹ, wọ́n ti gbẹ́ ẹ, wọ́n ti fi sáńpépà dán an. Agolo gọ́ọ̀mù ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mi ò pariwo. Mo ní, "Bàbá wọn, ọmọ mi dà?"

Ìgbà tí mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n tó sọ ọ́, wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń bá igi sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ kan wá láti iléeṣẹ́ ọkọ̀ yín lọ́jọ́ tí mo lọ wọn aṣọ ìyàwó yẹn. Ó ní ọkọ̀ yín jáde ní èbúté, láti ìgbà náà wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìjì jà lójú ọ̀nà tí ẹ gbà. Wọ́n rán ọkọ̀ míì lọ wá yín, wọ́n rí àpótí ẹrù díẹ̀ tó léfòó. Wọn ò rí ọkọ̀. Wọn ò rí ènìyàn, wọn ò sì rí òkú. Wọ́n wá a títí, wọ́n sì ti padà. Bàbá rẹ bẹ ọkùnrin náà pé kó má wá mọ́. Wọ́n bẹ gbogbo títì kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi, wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ, wọ́n sì já wáyà rédíò. Wọ́n wá wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà náà, wọ́n ní, "Ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Ìyá wọn, jẹ́ n parí ẹ̀. Bí mo bá parí ẹ̀, màá lè sunkún."

Mo ní, "Ta ló kú? Ẹ fi òkú ẹ̀ hàn mí. Bí kò bá sí òkú, ẹ fi aṣọ ọrùn ẹ̀ hàn mí. Èmi ni mo rán gbogbo aṣọ tó kó lọ, màá mọ ojú abẹ́rẹ́ mi."  Mo na ọwọ́, mo mú ìtọ́kọ̀ náà. Wọn ò bá mi jà á, ìka wọn kàn ṣí sílẹ̀ ni. Igi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ọwọ́ wọn. Mo fi í sínú àpò aṣọ mi, mo jáde, mo lọ sin Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta dé ojú títì nítorí kò sí ẹni tó máa sìn ín.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà míì, bí mo bá ń gé aṣọ lọ, ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn pé bóyá bàbá rẹ ló jàre, sísọ́ọ̀sì á sì dúró lọ́wọ́ mi. Inú ń bí mi sí wọn. Inú ń bí mi sí gbogbo àdúgbò yìí, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń gbọ́ orin mi. Mo ń kun ògiri, mo ń kọrin pé ọmọ mi ń bọ̀, àwọn tó mọ̀ ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé wọn. Ojú ń tì mí títí di ìsinsìnyí, bí ẹni tó bọ́ sí ìta láìwọ aṣọ. Inú tilẹ̀ ń bí mi sí ìwọ náà, pé gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ kò tó ọ ṣe. Bí o bá dé, mo ní ọ̀rọ̀ tí màá bá ọ sọ lórí ìyẹn.

Àmọ́ ohun kan wà tí bàbá àgbà rẹ fẹnu ara wọn sọ fún mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Wọ́n ní kùrukùru gbé Ìyá Àgbà gan-an lọ rí, tí gbogbo èbúté sì ti gbà pé ó ti rì. Àwọn ìyàwó atukọ̀ ti ń wọ dúdú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n rí i tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òpó rẹ̀ kan ti ṣẹ́, aṣọ ibùsùn ni wọ́n ta bí ìgbòkun. Bàbá àgbà wà nínú rẹ̀. Ká ní ìyàwó wọn ti gbà pé wọ́n kú, tó sì ti fẹ́ ẹlòmíì, ta ni ì bá bí bàbá rẹ? Ta ni ì bá bí ọ? Mo sọ èyí fún bàbá rẹ. Wọ́n ní ìyẹn ìgbà yẹn. Mo ní ìyẹn ìgbà yẹn náà ni mo ń wí.

Nítorí náà, mo ti fi ìgékù aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ tuntun wé ìtọ́kọ̀ náà, òun ni nǹkan líle tí ọwọ́ rẹ máa bà nínú àpòòwé yìí. Kò sí igi Ìyá Àgbà mìíràn láyé tí wọ́n lè fi gbẹ́ òmíràn, bàbá rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀. Ọkọ̀ yẹn kò ní parí àfi bí o bá gbé ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kò sí ibi tí ìwé yìí ń lọ, pé òun ti béèrè ní iléeṣẹ́ yín, wọn ò sì gba ìwé fún ọkọ̀ yẹn mọ́. Mo ní àdírẹ́sì tí o kọ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì pa á rẹ́. Bí wọ́n bá dá a padà, màá tún fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá tún dá a padà, màá gbé e lọ fúnra mi, màá sì jókòó sí ọ́fíìsì wọn títí wọ́n á fi gbà á.

Pẹ́pẹ́yẹ mi, odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Omi kò ní bò ọ́ lójú. Ibi yòówù kí ìgbì gbé ọ jù sí, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ máa bá. Ẹni tó máa fún ọ lómi mímu, Ọlọ́run á ti jí i dìde kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òtútù kò ní mọ ojú rẹ, òkùnkùn kò ní mọ orúkọ rẹ. Àwọn tí ẹ jọ lọ, ẹ ó jọ bọ̀, ìyá kọ̀ọ̀kan á rí tirẹ̀ gbà mọ́ra. Kí n má fi ojú mi rí ohun tí àwọn ará àdúgbò torí rẹ̀ ń wò mí tàánú-tàánú. Èmi ni ìwọ máa sin, kì í ṣe èmi ni màá sin ọ́. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó bí ọ, tí kò sì tíì sin ọ́,

Màámi Aránṣọ

Àfikún: Mo ti fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ àpòòwé yìí nígbà tí bàbá rẹ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dúró, wọn ò wọlé, wọ́n ní ṣé mo ti pa á dé. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ò gbọdọ̀ fi ìṣó kan ìtọ́kọ̀ náà, pé èèkàn igi kékeré méjì ló máa gba inú ihò rẹ̀, kí o rọra tì í, kí o má fi agbára ṣe é bó o ṣe máa ń fi agbára ṣe gbogbo nǹkan. Wọ́n ní gọ́ọ̀mù díẹ̀ ni kí o fi sí i. Mo rò pé wọ́n ti lọ. Wọ́n wá ní kí n tún kọ ọ́ pé igi àtijọ́ ni, bí ó bá pẹ́ jù níta, á súnkì, kò sì ní bá ìdí ọkọ̀ mu mọ́. Wọ́n ní kí o jọ̀ọ́, kí o má pẹ́.